Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Gògóńgò Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin, 2025

Dókítà ò tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ti jókòó sí gògóńgò Bàbá, wọ́n á sì gé gògóńgò náà kúrò pátápátá. Ó ní Bàbá á yè é. Wọ́n á máa mí láti ihò kékeré kan lọ́rùn, wọ́n á jẹun, wọ́n á rìn, wọ́n á lọ sóko bó bá wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni wọn ò ní lè sọ mọ́. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ sí.

Mo rò pé Bàbá á bèèrè bóyá ó máa dùn wọ́n. Ohun tí wọ́n bèèrè, pẹ̀lú ohùn tó ti há yẹn, ni pé, "Ta ni yóò wá máa kí Olúkòso nílé wa?"

Dókítà yíjú sí mi. Mo ní láti ṣàlàyé fún un pé nílé Ṣàngóyẹmí ní Ẹdẹ, tí àrá bá sán, a kì í sá wọlé. Bàbá á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Níkẹ́ ìyàwó àbúrò mi á kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, èmi náà á tẹ̀lé wọn. Bàbá á ké "Kábíyèsí, Olúkòso," àwa tó kù á gbè é. A kì í yọ okùn iná, a kì í da aṣọ bo dígí. Mi ò sọ fún dókítà pé ẹ̀yìn gbogbo wọn lèmi Mọ́tọ́lá máa ń dúró sí, tí ẹnu mi á máa mì, tí ohùn kankan ò ní jáde. Mo ti lé lógójì ọdún, ẹ̀rù àrá ṣì ń bà mí. Ojo ni mí.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀ wálé, ẹ̀rù mìíràn kún un. Mo gbìyànjú láti rántí ohùn ìyá mi tó ti kú. Ojú wọn wá, aṣọ wọn wá, bí wọ́n ṣe ń di gèlè wá. Ohùn wọn ò wá. Mo gbìyànjú títí a fi dé Òkè Gàdà, kò wá.

Ọjọ́ Bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Ó dà bíi pé mo ti rí ọ̀nà. Ètò kan wà tó ń mú kí kọ̀ǹpútà kọ́ ohùn èèyàn. Ẹni náà á sọ̀rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, èmi á tẹ ohun tó sọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa fi méjèèjì wéra títí ohùn náà á fi mọ́ ọn lára. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, ohunkóhun tí Bàbá bá tẹ̀ sórí fóònù, ohùn Bàbá fúnra wọn ló máa fi sọ ọ́ jáde.

Mo dán an wò pẹ̀lú ohùn tèmi lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to fídíò ìgbéyàwó fáwọn èèyàn. Kò pẹ́ tó fi dákú. Ó ní ààyè orí káàdì gíráfíìsì mi, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo nínú rẹ̀, kéré. Mo gbé e lọ bá Roqeeb tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè Gàdà. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, káàdì yìí ti tó gba owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ ra ńlá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yá kọ̀ǹpútà àwọn òyìnbó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ohùn Bàbá ránṣẹ́ sí wọn."

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní, "Òkè òkun? Wọn ò ní gbé ohùn mi lọ síbi tí n ò mọ ẹni tó ń gbà á. Nínú ilé yìí ni kó ti ṣẹlẹ̀, tàbí kó má ṣẹlẹ̀."

Ìyẹn parí síbẹ̀. Káàdì ni a ó rà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹrin

A bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn Bàbá sílẹ̀, torí ohùn náà ò ní dúró de káàdì. Mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé, mo so máìkì mọ́ àga. Bàbá dé fìlà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mo ní kí wọ́n máa sọ ohunkóhun tó bá wá sí wọn lọ́kàn.

"Ohunkóhun kì í ṣe ọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Bi mí ní nǹkan."

Mo bi wọ́n léèrè oko wọn ní Alájué, ni ẹnu bá ṣí. Wọ́n sọ bí kòkó ṣe so lọ́dún tí wọ́n bí mi. Wọ́n sọ ẹni tó ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn gé, wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n ní bàbá náà jí kí ó tó kú. Ewúrẹ́ Àwáwù, aládùúgbò wa, ń wọlé wá ṣáá, Bàbá ń pariwo lé e, gbogbo rẹ̀ wọnú ohun tí mo ń gbà sílẹ̀. Mọ́ṣáláṣí pe ìrun. Lẹ́yìn ìyẹn òjò dà sórí páànù, a ò lè gba nǹkan kan mọ́.

Kí wọ́n tó dìde mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí òjò bá dá, ẹ kí Olúkòso fún mi kí n gba ìyẹn náà."

Wọ́n mirí. "Ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹni tó ń mí ló ń kí i."

"Tí kò bá wá sẹ́ni tó máa kí i mọ́ ńkọ́?"

Wọ́n ní kí n bá wọn gbé omi gbígbóná wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Kẹrin

Mo ta kámẹ́rà mi. Iye tí wọ́n gbà á kò dùn mọ́ mi, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Káàdì tuntun kọjá agbára wa, àlòkù ni a rí, lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Èkó tí Roqeeb mọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà. Roqeeb kìlọ̀ fún mi pé àwọn kan ti fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru títí agbára fi tán nínú rẹ̀, wọ́n á wá fọ̀ ọ́, wọ́n á tà á. Mo ní báwo la ṣe máa mọ̀. Ó ní, "A ó mọ̀ tó bá dé."

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí n ò rí rí. Mi ò lè jẹ ẹ̀bà Níkẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Kẹrin

Dẹ́rẹ́bà tí wọ́n fi káàdì rán ní òun ò ní wọ Ẹdẹ, kí n pàdé òun ní oríta Sẹ́kọnà. Mo dúró sábẹ́ ìbòòji obìnrin tó ń ta iṣu títí oòrùn fi wọ̀ mí lórí. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá yọ, àyà mi á já. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó ra fóònù tó bá ọṣẹ nínú páálí.

Nígbà tó dé, mo já páálí náà níbẹ̀, níṣojú dẹ́rẹ́bà. Káàdì ni lóòótọ́, ó wúwo, fáànù méjì ni, eruku wà níbi apá rẹ̀. Mo pe Roqeeb. Ó ní, "Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Ṣé ó ń rùn bíi nǹkan tó jóná?" Mo gbé e sí imú, mo fà á símú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìyá oníṣu wò mí. "Ṣé ẹja ni?"

Kò rùn. Mo ra iṣu méjì lọ́wọ́ ìyá náà nítorí ojú tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹrin

Kò wọlé. Káàdì gùn ju inú kọ̀ǹpútà lọ. Mo jókòó sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Roqeeb, orí mi gbóná. A gbé páálí irin tó bo kọ̀ǹpútà tọ wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀, tó wà níwájú lọ, ó fi ayùn irin gé ibi tí wọ́n ń kó díìsìkì sí kúrò. Gbogbo ìgbà tó ń gé e, ó ń ṣe mí bíi pé ọrùn ẹnìkan ni. Mo jáde síta.

Ó wọlé wàyí. Àpótí tó ń pín iná nínú rẹ̀, èyí tí Roqeeb ń pè ní páwà, kò ní ẹnu tó lè fún káàdì náà ní iná. Roqeeb mú okùn àsopọ̀ kan jáde. Ó ní ìyẹn á ṣì gbé e títí a ó fi rí páwà tó lágbára. Mo ní ṣé kò léwu. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ kàn fẹ́ràn ìbẹ̀rù."

Ó tan. Fáànù méjèèjì yí. Mo sunkún níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mi ò lè mú un mọ́ra.

Ọjọ́ Bọ̀, 24 oṣù Kẹrin

Kò síná látàná. Epo bẹntiróò tún ti gbówó lórí. A kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Kẹrin

Nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀ parí lónìí, wọ́n wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú aṣọ ìnujú. Wọ́n ká a mọ́ra kí n má baà rí i. Mo rí i. Mo ní ohùn tí a ti gbà ti tó. Kò tíì tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ ikọ́ yẹn mọ́.

Àwáwù wá kí wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ohùn tẹ́ ẹ fi ń bá ewúrẹ́ mi wí sọnù o. Òun nìkan lẹran yẹn ń gbọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi tún gbé wọn. Títẹ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ló kù fún mi. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Karùn-ún

Mo ti ní kó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń gbóná, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé fáànù ilé kọjú sí i. Àwa là ń làágùn. Ohùn tó mú jáde nírọ̀lẹ́ dà bíi ti ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Níkẹ́ ní ohùn òkú ni. Mo ní kó jáde.

Ọjọ́ Bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà tí iná bá wà. Láàárọ̀ yìí, mo tẹ "ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa kọ́ nìyẹn," ó sọ ọ́, mo sì yí ojú wẹ̀yìn láti wo Bàbá. Wọn ò sí lẹ́yìn mi. Ẹ̀rọ náà ni. Ìdùnnú mi pọ̀. Ààyè ti kún nínú rẹ̀, mo wá ní kó máa kọ iṣẹ́ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Mo mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní kò ní pẹ́ parí.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ òjò ṣú. Mo gbọ́ Àwáwù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń ké sáwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n yọ okùn fíríìjì, kí wọ́n yọ okùn tẹlifíṣọ̀n. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń wo okùn tèmi. Àrá àkọ́kọ́ sán. Bàbá dìde, Níkẹ́ kó àwọn ọmọ jáde, mo tẹ̀lé wọn.

Bàbá ké "Kábíyèsí." Ohùn yẹn ò tó nǹkan mọ́, òjò gbé e mì. Mànàmáná kọ, gbogbo àgbàlá mọ́lẹ̀ gbòò, mo sì rí káàdì yẹn lójú ọkàn mi tó ń jóná. Mi ò mọ ìgbà tí mo yíjú padà. Mo sáré wọ yàrá, mo fa okùn náà yọ lára ògiri. Bí mo ṣe fà á ni àrá kejì sán.

Nígbà tí òjò dá, mo ki okùn padà. Nǹkan kan dún pá nínú rẹ̀. Òórùn jáde. Láti ìgbà náà kò tan mọ́.

Bàbá wá jókòó tì mí nílẹ̀. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Àkànkẹ́, kí ló dé tó o sá?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Mo wò wọ́n. Láyé mi, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kì í bà mí?" Wọ́n ní láti sinmi kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Bí kò bá bà wá lẹ́rù, kí la fẹ́ máa kí i fún?"

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún

Roqeeb tú u. Ó ní, "Ṣé àrá ló wọ̀ ọ́?" Mo ní èmi ni. Mo ròyìn fún un. Ó ní páwà ló jóná, ó ti ń kú bọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹrù tó gbé ju agbára rẹ̀ lọ, òun lòun sì ní ká máa lo okùn àsopọ̀ yẹn. "Ẹ bínú sí mi díẹ̀, Àǹtí." Mi ò ní agbára ìbínú. Mo bi í bóyá káàdì náà ti kú. Ó ní òun ò lè sọ títí páwà tuntun á fi dé láti Ìbàdàn.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún

Ilé ìwòsàn pè. Wọ́n ti mú ọjọ́ náà yá, wọ́n ní àyè ti ṣí, wọ́n ò sì fẹ́ kí nǹkan náà tàn ká. Kí a wọlé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ̀bẹ lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Mo ní ẹ ṣé. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Páwà ò tíì dé. Mi ò mọ̀ bóyá mo ní káàdì. Bàbá ń sọ fún Níkẹ́ pé ata ọbẹ̀ òní pọ̀ jù, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni pé orin ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún

Káàdì wà láàyè. Fáànù rẹ̀ yí, àwòrán jáde. Roqeeb dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ǹpútà náà láti pa mí lẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún yẹn ló kú. Ibi tó ti ń kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí ni mo ti fa okùn, méjèèjì ló bàjẹ́. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, mo ní ẹ̀dà rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Roqeeb ní pẹ̀lú páwà yìí á yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò bá sí ìdádúró. Níbo ni ìdádúró ò ti sí ní Ẹdẹ, nínú òjò yìí?

Ọjọ́ Rú, 14 oṣù Karùn-ún

Àtàndá, ọkọ Àwáwù, oníṣẹ́ iná ni. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ó wá fúnra rẹ̀. Ó ní ilé yìí ò ní wáyà ilẹ̀, pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa láti ọjọ́ yìí. Bàbá ní Ọlọ́run nìkan kọ́.

Ó gbẹ́ ihò sẹ́yìn yàrá mi, ó gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀, ó da èédú àti iyọ̀ yí i ká, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ wọlé. Ó ní bí agbára àrá bá ta sí wáyà ilé wa, ọ̀nà ilẹ̀ ni á bá lọ. Kì í ṣe pé ewu ti tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀. "Ẹ ṣáà máa bomi rin ín. Ibẹ̀ ò gbọdọ̀ gbẹ."

Bàbá dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bèèrè ìdí iyọ̀, wọ́n bèèrè ìdí omi. Àtàndá ṣàlàyé. Wọ́n mi orí. "Ìyẹn yé mi. Àlejò tó bá rọ́nà kọjá kì í fọ́ ilé onílé." Wọ́n lọ bu omi fúnra wọn, wọ́n rọra dà á síbẹ̀, ẹnu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àtàndá, ọmọ Mùsùlùmí, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ká wáyà rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Òjò ńlá. Mo fi okùn kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lára ògiri, mo fi ínfátà oníbátìrì tí Àtàndá yá mi ti í lẹ́yìn, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ mi di aṣọ Níkẹ́ mú. Gbogbo àrá tó bá sán, inú egungun mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bàbá ké, ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Àwọn tó kù gbè é. Ẹnu mi mì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mi ò sá. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ nítorí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Iná lọ, ínfátà gbé e, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún

Ó parí láàárọ̀ yìí, mọ́tò ti ń dúró níta. Mo so ó mọ́ fóònù Bàbá, mo tẹ "Ẹ kú ilé o, ṣé ẹ ò gbàgbé mi." Ó sọ ọ́.

Bàbá ti ń wọ bàtà. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Nígbà wo lo rí ohùn bàbá mi gbà sílẹ̀?"

Mo ní kì í ṣe bàbá wọn, àwọn fúnra wọn ni. Wọn ò gbà. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá wọn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà máa fọn fèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ti rò pé wọ́n á sọ nǹkan ńlá fún mi, mo tiẹ̀ ti di fóònù mú láti gbà á. Ohun tí wọ́n sọ ni, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà

Iléyá. Àwáwù fi ẹran ránṣẹ́ dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ́.

Ọ̀bẹ ti lọ dáadáa, dókítà ní ara wọn ń jinná. Ẹ̀rù tó kù ò sí lọ́wọ́ dókítà. Bàbá ò fẹ́ fọwọ́ kan fóònù náà. Mo gbé e fún wọn, wọ́n kọjú sógiri. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe, tí kò bá yé mi, wọ́n á di ojú wọn. Ṣé èmi ni mo fẹ́ ohùn yìí, tí kì í ṣe àwọn? Ṣé ohùn bàbá wọn ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù? Mi ò lè bi wọ́n, torí wọn ò ní dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Rú, 11 oṣù Kẹfà

A ti wálé. Mo gbé sípíkà kọ́ sábẹ́ páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé fóònù sórí àga Bàbá, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Mi ò bẹ̀ wọ́n mọ́.

Lọ́sàn-án, mo wà nídìí ààrò nígbà tí mo gbọ́ ọ lókè, kedere, ó gba gbogbo àgbàlá: "Ẹran oníranù, jáde níbẹ̀!"

Ewúrẹ́ Àwáwù fò kọjá lára mi, ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwáwù fúnra rẹ̀ sáré yọ, ó káwọ́ lérí, ẹ̀rín sì mú un débi pé ó jókòó sílẹ̀. Bàbá wà lórí àga, èjìká wọn ń mì, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Ìka wọn ṣì wà lórí fóònù.

Mo padà sídìí ààrò, ọbẹ̀ ti jóná. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹfà

Láti àárọ̀ ni ooru ti mú, a mọ̀ pé yóò rọ̀. Bàbá ti ń lo fóònù wọn dáadáa báyìí. Wọ́n fi ń bá Níkẹ́ jà lórí ata, wọ́n fi ń pe Àtàndá pé kó wá wo wáyà, wọ́n sì ń bomi rin ìdí ọ̀pá náà láràárọ̀. Inú yàrá mi ni kọ̀ǹpútà ti ń gba ohun tí wọ́n bá tẹ̀, káàdì yẹn ló ń sọ ọ́ di ohùn. Tí mo bá yọ okùn, odi ni Bàbá.

Nígbà tí ojú ọ̀run dúdú, mo dúró síwájú ògiri, mo wo okùn náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Àwáwù ń ké pé kí wọ́n yọ gbogbo nǹkan. Ọwọ́ mi tiẹ̀ ti dé ibẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo jáde.

Bàbá ti ṣáájú gbogbo wa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ funfun tó bo ihò ọrùn wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àrá àkọ́kọ́ sán lókè Alájué, a gbọ́ ọ bó ṣe ń yí bọ̀. Gbogbo wa wo Bàbá. Wọ́n la ẹnu. Èémí nìkan ló gba ọrùn wọn jáde.

Níkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Bàbá da ojú fóònù dé orí itan wọn. Wọ́n gbójú sókè, wọn ò wo Níkẹ́, wọn ò wo àwọn ọmọ. Èmi ni wọ́n wò.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Wọn ò gbójú kúrò. Àrá kejì sán nítòsí, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọmọ Níkẹ́ kékeré dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rí iwájú. Mo kúrò lẹ́yìn wọn, mo bọ́ síwájú, òjò ń ta sí mi lójú. Mo la ẹnu.

"Kábíyèsí, Olúkòso."

Ohùn tó jáde dà bíi ti adìẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde. Wọ́n gbè é lẹ́yìn mi. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè yíjú padà.

Mo gbọ́ tí Bàbá gbé fóònù. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́, gbogbo wa dúró dè wọ́n nínú ariwo òjò. Sípíkà ké lókè orí wa, ohùn Bàbá, èyí tó mọ́ ṣáká.

"Ohùn ẹ kéré, Àkànkẹ́. Tún un kí."

Mo tún un kí.